Ta Ló Ń Gbọ́? Lámèyítọ́ Ẹ̀rí Ará Ìlú Lórí Ẹkùn Ìdìbò Los Angeles

Àwa tí a fi iṣẹ́ lámèyítọ́ jẹun ní yunifásítì, ohun tí wọ́n mọ̀ wá mọ́ ni ewì, ìtàn àròsọ àti eré orí ìtàgé. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí mo ti máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé níbikíbi tí ọ̀rọ̀ bá ti jáde lẹ́nu èèyàn síwájú olùgbọ́, tí ẹni tó sọ ọ́ sì ń retí kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nítorí ohun tó sọ, iṣẹ́ wa wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni ẹ̀rí tí àwọn ará ìlú máa ń jẹ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tún ẹkùn ìdìbò ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú pín. Ìlú tí mo mú ni Los Angeles, ní ìpínlẹ̀ California, ọdún 2021. Mo mú un nítorí pé ó fún wa ní ohun tí lámèyítọ́ kì í sábàá rí: ọ̀rọ̀ méjì lórí ọ̀ràn kan náà, èyí tí wọ́n sọ ní gbangba àti èyí tí wọ́n sọ ní kọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Bí wọ́n ṣe ń pín in

Ká kọ́kọ́ mọ bí ètò náà ṣe ń lọ ná. Ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń ka èèyàn. Bí wọ́n bá kà á tán, wọ́n á rí i pé ibì kan ti kún, ibòmíràn ti dín kù. Láti ọdún 1968 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Avery v. Midland County, ó ti di dandan fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ pàápàá pé kí iye èèyàn inú ẹkùn kọ̀ọ̀kan sún mọ́ra, kí ìbò ẹnì kan má baà wúwo ju ti ẹlòmíràn lọ. Nítorí náà, bí èèyàn bá ti ṣí kiri, ààlà náà gbọ́dọ̀ ṣí. Òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò ti ọdún 1965 sì tún ní kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa fi ààlà gba agbára ìbò lọ́wọ́ èèyàn nítorí ẹ̀yà tàbí àwọ̀ rẹ̀. Bí a bá ti mú méjì yìí kúrò, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tó kù wà lọ́wọ́ ẹni tó mú gègé.

Ẹkùn 15 ni Los Angeles ní, aṣòfin kan fún ẹkùn kan. Ìkànìyàn ọdún 2020 fi hàn pé èèyàn 3,898,747 ló ń gbé inú ìlú náà. Ẹ pín in sí 15, ẹ ó rí i pé aṣòfin kan ń gbẹnu sọ fún nǹkan bí 260,000 èèyàn. Lọ́dún 2021, ìwé òfin ìlú ní kí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 21 kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ará ìlú, kí wọ́n ya àwòrán ààlà, kí wọ́n sì gbé e lọ síwájú àwọn aṣòfin.

Ta ló yan àwọn 21 yìí? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Àwọn aṣòfin fúnra wọn ló yan 16: ààrẹ wọn yan méjì, àwọn 14 tó kù yan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Olórí ìlú yan mẹ́ta, agbẹjọ́rò ìlú yan ẹnì kan, ayẹ̀wéwò owó ìlú yan ẹnì kan. Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, wọ́n pààrọ̀ àwọn kan nínú wọn. Bí wọ́n bá sì ṣe tán, àwọn aṣòfin yìí kan náà ló láṣẹ láti gba àwòrán náà bó ṣe wà, tàbí kí wọ́n tún un yà bó ṣe wù wọ́n. Ẹni tó máa jẹ ẹran ló mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, òun náà ló tún ń sọ ibi tí wọ́n á ti gé e. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì pe ará ìlú pé kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn.

Ẹ̀rí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà ọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹ̀rí ará ìlú bí a ṣe ń wo ẹ̀yà kan nínú lítíréṣọ̀ alohùn. Ó ní ìlànà tirẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á dárúkọ ara rẹ̀, á dárúkọ àdúgbò rẹ̀, á sọ iye ọdún tó ti lò níbẹ̀. Ìyẹn dà bí ìjúbà. Ó fi ń fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti sọ̀rọ̀ múlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló máa to àwọn ohun tó so àdúgbò náà pọ̀: ilé-ìwé táwọn ọmọ ń lọ, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí bọ́ọ̀sì ń gbà, pápá táwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀bẹ̀ ló máa fi kádìí rẹ̀: ẹ má là wá sí méjì, ẹ kó wa pọ̀ mọ́ àwọn èèyàn wa. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lọ. Àkókò á pé, wọ́n á sọ pé ẹ ṣeun, wọ́n á pe ẹlòmíràn. Ní 2021, àrùn kòrónà kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìpàdé náà wáyé lójúkojú. Orí íntánẹ́ẹ̀tì àti fóònù ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò fi lè wo ojú ẹni tó ń gbọ́.

Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ló máa ń fojú tín-ín-rín irú ẹ̀rí yìí, wọ́n á ní ariwo lásán ni, iye èèyàn inú ìkànìyàn ló ṣe kókó. Èmi kò gbà. Òfin California fẹ́ kí àwọn tó ń pín ẹkùn bọ̀wọ̀ fún àwùjọ tí ohun kan náà kàn. Báwo ni èèyàn ṣe máa mọ irú àwùjọ bẹ́ẹ̀? Kọ̀ǹpútà lè sọ fún ọ pé èèyàn mélòó ló wà ní apá ọ̀tún títì àti pé mélòó ló wà ní apá òsì. Kò lè sọ fún ọ pé àwọn méjèèjì ń na ọjà kan náà, tàbí pé òórùn ilé-iṣẹ́ kan náà ni kò jẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ nìkan ló mọ ìyẹn. Nítorí náà ẹ̀rí ará ìlú kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí a fi lé ètò náà lára. Òun ni ìmọ̀ kan ṣoṣo tí ẹlẹ́ni 21 náà kò lè rí kà nínú ìwé kankan.

Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ kì í ṣe oríkì. Ẹ̀yà ọ̀rọ̀ yìí ní àbùkù tirẹ̀, mo sì fẹ́ mẹ́nu ba méjì. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ kékeré yẹn, "wa." Bí onílé kan bá ní "àdúgbò wa," àwọn wo ló wà nínú "wa" rẹ̀? Ẹni tó ní ilé, tó ti fẹ̀yìn tì, ráyè jókòó sí ìpàdé wákàtí mẹ́rin. Ayálégbé tó ń ṣiṣẹ́ méjì pọ̀ kò ráyè. Òpópónà kan náà ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n "wa" ti onílé ló wọ inú ìwé àkọsílẹ̀. Èkejì ni ẹ̀rí àjùmọ̀kọ. Bí èèyàn 20 bá wá, tí gbogbo wọn ń sọ gbólóhùn kan náà, ó dájú pé ẹnì kan ló kọ ọ́ fún wọn. Ìyẹn kò sọ ọ́ di irọ́ o. Orin tí a jùmọ̀ kọ náà orin ni. Àmọ́ ó yẹ kí olùgbọ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ béèrè pé, ta ni apohùn?

Àbùkù kẹta tóbi ju méjèèjì lọ, kò sì sí lára ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ara olùgbọ́ ló wà. Kò sẹ́ni tó ń fèsì. Ẹ jẹ́ kí n fi àdúgbò kan ṣàpẹẹrẹ.

Koreatown: ẹ̀bẹ̀ ọdún mẹ́wàá

Koreatown wà láàárín Los Angeles gan-an. Ní 1992, nígbà rògbòdìyàn tó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá àwọn ọlọ́pàá tó lu Rodney King sílẹ̀, iná jó ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Kòríà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún ilé kọ́, wọn kò mọ aṣòfin kan pàtó tí wọ́n lè di ẹ̀wù rẹ̀ mú, nítorí ẹkùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n pín àdúgbò náà sí. Ọmọ tó bá ní bàbá mẹ́rin, bí ilẹ̀ bá ṣú, kálukú wọn á rò pé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì òun ló sùn.

Nígbà tí wọ́n tún ẹkùn pín ní 2011 sí 2012, àwọn ará Koreatown jáde lọ́pọ̀ yanturu. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n tọrọ: ẹ kó wa sí ẹkùn kan. Àwòrán jáde, àdúgbò náà ṣì wà ní ìpín-ìpín. Àwọn olùgbé kan gbé ìlú lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n ní àwọ̀ ni wọ́n wò tí wọ́n fi ya ẹkùn 10 bí wọ́n ṣe yà á, kí ìbò àwọn aláwọ̀ dúdú lè pọ̀ sí i níbẹ̀. Ímeèlì wà nílé ẹjọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn tó ya àwòrán náà fi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2018, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹnì kan kò tó láti fi hàn pé ohun tó darí iṣẹ́ gbogbo wọn nìyẹn. Ìlú jàre.

Ní 2021 ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú Koreatown wá bọ́ sínú ẹkùn kan, ẹkùn 10 yẹn kan náà. Ọdún mẹ́wàá ni ẹ̀bẹ̀ gbólóhùn kan gbà! Ẹ sì wá wo bí ọ̀ràn ṣe rí: ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ fẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ kan Mark Ridley-Thomas, aṣòfin ẹkùn 10, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Koreatown tọrọ ẹnu kan tó máa bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n fún wọn ní ẹnu náà, ó sì jẹ́ ẹnu tí wọ́n ti dí.

Ohun tó ń dùn mí nínú ìtàn yìí kọ́ ni pé wọ́n kọ̀ fún wọn ní 2012. Ìkọ̀sílẹ̀ lè ní ìdí tó múná dóko. Ẹkùn 10 yìí ni Tom Bradley ṣojú fún láti ọdún 1963. Lọ́dún yẹn kan náà ni Gilbert Lindsay wà ní ẹkùn 9, tí Billy Mills sì wọlé ní ẹkùn 8. Àwọn mẹ́ta yẹn ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú Los Angeles, Bradley sì wá di olórí ìlú láti 1973 sí 1993. Ẹni tí bàbá rẹ̀ jà kí ẹkùn náà tó bọ́ sọ́wọ́ wọn kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé Koreatown kì í ṣe ará Kòríà rárá. Látínò ni wọ́n, ayálégbé ni wọ́n. Ìtàn mẹ́ta ló pàdé lórí ilẹ̀ kan. Ohun tó dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, kó wí fún wọn pé: ohun tí ẹ̀yin sọ rèé, ohun tí àwọn yẹn sọ rèé, ìdí tí a fi ṣe báyìí rèé. Àwòrán nìkan ni wọ́n rí.

Ọ̀rọ̀ inú yàrá

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 2021, lásìkò tí àwòrán ẹlẹ́ni 21 ń bọ̀ lọ́wọ́ àwọn aṣòfin, èèyàn mẹ́rin jókòó sí ọ́fíìsì àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́: Nury Martinez tó jẹ́ ààrẹ ìgbìmọ̀ aṣòfin, Gil Cedillo àti Kevin de León tí wọ́n jẹ́ aṣòfin, àti Ron Herrera tó jẹ́ olórí àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà. Ẹnì kan gba ohùn wọn sílẹ̀, wọn kò mọ̀. Fún nǹkan bí ọdún kan, ará ìlú kò gbọ́ nǹkan kan. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 2022, ìwé ìròyìn Los Angeles Times gbé e jáde, gbogbo Amẹ́ríkà sì mì.

Èébú ló mì í. Wọ́n bú ọmọ kékeré aláwọ̀ dúdú tí ẹlẹgbẹ́ wọn, Mike Bonin, gbà tọ́. Wọ́n bú àwọn ará Oaxaca láti Mẹ́síkò tí wọ́n ń gbé ní Koreatown. Mi ò ní tún èébú náà sọ. Ó ti gba gbogbo etí. Ohun tí èébú náà bò mọ́lẹ̀ ló kàn mí gẹ́gẹ́ bí lámèyítọ́. Bí ẹ bá mú èébú kúrò, ìpàdé lórí pípín ẹkùn ni ìyókù. Àwọn ibi tí ará ìlú dárúkọ ní gbangba ni wọ́n ń dárúkọ nínú yàrá náà. Ìlò èdè ló yàtọ̀.

Ẹ wò ó. Lẹ́nu ará ìlú, ibì kan jẹ́ ibi tí èèyàn ti ń ṣe nǹkan: ibí la ti ń rajà, ibí lọmọ mi ti ń kàwé. Nínú yàrá, ibì kan jẹ́ ohun-ìní: ta ni pápá ọkọ̀ òfuurufú máa wà lábẹ́ rẹ̀, ta ni yunifásítì USC máa bọ́ sí lọ́wọ́. Lẹ́nu ará ìlú, ayálégbé jẹ́ èèyàn tí owó ilé ń dà láàmú. Nínú yàrá, ayálégbé jẹ́ ìbò tí kò gbọdọ̀ pọ̀ jù ní ẹkùn Nithya Raman, ẹni tó wọlé ní 2020, tí wọn kò fẹ́ kó lágbára sí i. Nígbà tí àwòrán ìkẹyìn sì jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2021, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dìbò fún Raman ti bọ́ sí ẹkùn ẹlòmíràn.

Ibi tí ìyàtọ̀ wà gan-an rèé: ní gbangba, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ láìsí èsì. Nínú yàrá, èsì wà. Bí ẹnì kan bá dá àbá, ẹnì kejì á ní rárá, á sọ ìdí rẹ̀, wọ́n á jùmọ̀ wá ọ̀nà mìíràn. Àwọn mẹ́rin yẹn ń ṣe fún ara wọn ohun tí ìgbìmọ̀ náà kò ṣe fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará ìlú. Wọ́n ń gbọ́ ara wọn.

Ẹ̀dùn tó ní ìdí

Ó rọrùn láti dúró síbí, ká ní èèyàn burúkú ni wọ́n, ká pa ìwé dé. Ìyẹn kò ní jẹ́ lámèyítọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà lábẹ́ gbogbo àríyànjiyàn inú yàrá náà, òótọ́ sì ni. Lọ́dún 2020, Látínò tó ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Los Angeles. Mẹ́rin péré nínú aṣòfin 15 ló jẹ́ Látínò nígbà náà. Aláwọ̀ dúdú tó nǹkan bí ìdá mẹ́jọ, wọ́n ní mẹ́ta. Ẹni tó bá sì mọ ìtàn ìlú náà mọ̀ pé ọgbẹ́ Látínò ti pẹ́. Edward Roybal wọlé ní 1949. Láti ìgbà tó lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ lẹ́yìn ìbò 1962, kò sí Látínò kan nínú ìgbìmọ̀ ìlú títí Richard Alatorre fi wọlé ní 1985. Ó di ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ pe ìlú lẹ́jọ́ kí wọ́n tó tún ẹkùn yà ní 1986. Gloria Molina wọlé ní 1987.

Nítorí náà, ìbéèrè pé "kí ló dé tí tiwa fi kéré?" kì í ṣe ìbéèrè ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi síta ni, lójú aláwọ̀ dúdú, lójú ará Kòríà, lójú ará Oaxaca. Tí wọ́n bá bi í ní gbangba, wọ́n á ní láti bi í lọ́nà tí ẹni tó jókòó sí òdìkejì á fi lè gbọ́ ọ. Nínú yàrá, wọn kò nílò irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀, ni ẹ̀dùn bá di èébú. Lójú tèmi, àdánù tó tóbi jù nìyẹn. Wọ́n ba ìbéèrè rere jẹ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ó sì ṣòro fún ẹlòmíràn láti gbé e báyìí kí wọ́n má wò ó bíi pé inú yàrá yẹn lòun náà ti ń bọ̀.

Ohun mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà kò lè fi àwòrán yanjú. Oúnjẹ kò tó. Láti 1925 ni ìwé òfin ìlú ti ní kó jẹ́ ẹkùn 15. Ní 1930, èèyàn Los Angeles jẹ́ 1,238,048, tí ẹkùn kan kò fi ju nǹkan bí 82,500 lọ. Lónìí ẹkùn kan ju ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn lọ. Chicago, tí èèyàn rẹ̀ jẹ́ 2,746,388 ní 2020, ní aṣòfin 50. New York, tí èèyàn rẹ̀ jẹ́ 8,804,190, ní 51. Níbi tí àwo bá ti kéré tí ọwọ́ sì pọ̀, ọwọ́ á máa gbá ọwọ́. Ará ìlú náà sì ní ìpín tiwọn nínú rẹ̀: ní 1999, wọ́n bi wọ́n bóyá kí àwọn sọ ọ́ di 21 tàbí 25, wọ́n dìbò pé rárá. Àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má là wọ́n kọ ọ̀bẹ tó máa gé ìpín sí i. Mo mọ ìdí wọn: ta ló fẹ́ san owó oṣù àwọn òṣèlú púpọ̀ sí i? Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n rò pé àwọn dá sí, ẹkùn ni wọ́n fi ń san án.

Ohùn tó ṣiṣẹ́

Lẹ́yìn tí ohùn náà jáde, ìlú gbóná. Èèyàn kún gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀, wọ́n ń pariwo, ìpàdé kò lè lọ. Àwọn ará Oaxaca wọ́de ní àárín ìlú. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, Martinez fi ipò ààrẹ sílẹ̀, ó sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ pátápátá. Herrera náà kọ̀wé fipò sílẹ̀. Cedillo, tó ti fìdí rẹmi nínú ìbò ṣáájú, parí sáà rẹ̀ lóṣù kejìlá. De León kọ̀, ó dúró, àwọn òǹdìbò sì yọ ọ́ ní 2024.

Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀rí tó ṣiṣẹ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n sọ ní ìṣẹ́jú méjì pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ariwo ló ṣiṣẹ́. Ẹ̀kọ́ tó léwu nìyí láti kọ́ ará ìlú. Bí ẹni tó to ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa bá rí i pé àwíìgbọ́ ni, tí ẹni tó fọ́ ìpàdé sì rí èsì, kí lẹ rò pé ọmọ tó ń wò wọ́n máa ṣe lọ́jọ́ iwájú?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, àwọn òǹdìbò Los Angeles fi ìbò púpọ̀ gba àtúnṣe kan wọlé sínú ìwé òfin ìlú, èyí tí wọ́n pè ní DD. Ó gba gègé kúrò lọ́wọ́ àwọn aṣòfin, ó gbé e fún ìgbìmọ̀ olómìnira tí àwọn aṣòfin kò ní lè yí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Kì í ṣe ohun tuntun ní California. Ìgbìmọ̀ ará ìlú ẹlẹ́ni 14 ló ń ya ẹkùn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà láti ìgbà tí wọ́n ti dìbò fún un ní 2008. Àtúnṣe dáadáa ni, mo sì yìn ín. Àkókò tí wọ́n máa lò ó ni ẹ̀yìn ìkànìyàn 2030.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi dé. DD yí ẹni tó mú gègé padà. Kò túmọ̀ sí pé a ti yí ìgbọ́ran padà. Olómìnira náà lè jókòó, kí aago dún ní ìṣẹ́jú kejì, kó ní ẹ ṣeun, kó pe ẹlòmíràn, kó wá ya ohun tó wù ú láìní èrò búburú kankan lọ́kàn. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Wọ́n tún mọ ohun kan sí i: àgbà tó gbọ́ tọ̀tún tòsì, tó sì dájọ́ láìsọ ìdí, kò tíì parí ìjà. Ẹni tó bá jẹ̀bi gbọ́dọ̀ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ́nu adájọ́, kó mọ̀ pé ó wọ ibẹ̀ kí wọ́n tó gbé e tì.

Ohun tí mo máa béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń bọ̀, níbikíbi tí wọ́n bá ti ń pín ẹkùn, kò le. Fún gbogbo ààlà tí ẹ bá fà, ẹ kọ ojú ìwé kan: àwọn tó bẹ̀ yín pé kí ẹ fà á síbí, àwọn tó bẹ̀ yín pé kí ẹ má fà á síbí, àwọn tí ọ̀ràn náà kàn tí wọn kò wá, àti ìdí tí ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sójú táyé kí àwòrán tó di òfin, kí àyè sì wà fún ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn láti tún fèsì. Bí wọ́n bá ti ṣe èyí ní 2012, Koreatown ì bá ti mọ ọ̀rọ̀ Bradley àti ẹkùn 10 lẹ́nu ìgbìmọ̀, kì í ṣe nínú ímeèlì tó yọjú nílé ẹjọ́. Bí wọ́n bá ti ṣe é ní 2021, ìbéèrè Látínò ì bá ti wọ inú ìwé, kó má wọ inú yàrá.

Ìmọ̀ràn mi fún ará ìlú tó fẹ́ jẹ́rìí kò pọ̀. Ẹ ṣàlàyé ẹni tó wà nínú "wa" yín, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹ má kàn sọ ibi tí ẹ ń gbé. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe níbẹ̀ àti ẹni tí ẹ ń bá ṣe é, nítorí ìyẹn ni ìmọ̀ tí kò sẹ́ni tó lè rí gbà níbòmíràn. Bí aago bá sì fẹ́ dún, ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá tó kù béèrè ohun kan: ọjọ́ wo la máa gbọ́ èsì yín? Kí gbogbo ẹni tó bá dìde béèrè é, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n á fi dáhùn.